Bí a ṣe ń fi nǹkan lọ ènìyàn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: ìbéèrè àti ìdáhùn láti Abẹ́òkúta

Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Abẹ́òkúta: àwọn aláṣọ àdìrẹ láti Ìtòkú, àwọn tó ń gba àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì, awakọ̀, nọ́ọ̀sì, àti àwọn ìyá tó ní ọmọ lókè òkun tí wọ́n sì fẹ́ lè bá ìyàwó ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ìlú tí èdè méjèèjì ti jọ ń gbé tipẹ́ ni ìlú wa. Ibí ni Ìwé Ìròhìn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1859, Yorùbá ló kọ́kọ́ fi ń sọ̀rọ̀, kò sì pẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì fi bá a wọ inú rẹ̀. Síbẹ̀, ohun kan wà tó máa ń jábọ́ nígbà tí a bá ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, ìyẹn ni ọ̀wọ̀ tó wà nínú bí a ṣe ń fi omi, oúnjẹ, àga tàbí ìrànlọ́wọ́ lọ ẹlòmíràn. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lórí rẹ̀ ni mo kó jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn ní kíláàsì.

Kí ni ọ̀rọ̀-ìṣe aṣèrànwọ́ tí ẹ máa ń mẹ́nu bà, èwo nínú wọn la sì nílò fún iṣẹ́ yìí?

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe gidi nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ni: “can”, “could”, “may”, “might”, “shall”, “should”, “will”, “would” àti “must”. Wọ́n ló máa ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá ohun tí à ń sọ ṣeé ṣe, bóyá a fẹ́ ẹ, bóyá à ń gbàyè, tàbí bóyá ó di dandan. Òfin wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò gba àyípadà: wọn kì í gba “s” lẹ́yìn “he” tàbí “she”, “to” kì í tẹ̀ lé wọn, méjì wọn kì í tẹ̀ lé ara wọn, bí a bá sì fẹ́ fi wọ́n béèrè nǹkan, ńṣe ni wọ́n máa bọ́ síwájú olùwà. “I can help” á di “Can I help?” Kò sí “Do I can help?”, bẹ́ẹ̀ ni kò sí “Can I to help?”

Fún fífi nǹkan lọ ènìyàn, “would” àti “shall” ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, “can”, “will”, “may” àti “could” sì tẹ̀ lé wọn. “Might” kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì mi fi máa ń dún bí àṣẹ, nígbà tó jẹ́ pé inú rere ni mo fi sọ ọ́?

Ìbéèrè yìí ni ìdí gbogbo ọ̀rọ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sí i. Ibi tí Yorùbá ń gbé ọ̀wọ̀ sí kọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ń gbé e sí. Nígbà tí a bá sọ pé “Ẹ mú báàgì yín wá, mà”, ọ̀wọ̀ ti wà nínú “ẹ”, ó wà nínú “yín”, ó wà nínú “mà”, ó sì tún wà nínú orúnkún tí a tẹ̀ tàbí orí tí a tẹ̀ ba. “You” kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ọmọ ọwọ́ àti fún ọba. Bí a bá wá kó gbólóhùn wa sínú Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà, “ẹ” á jábọ́ lọ́nà, ohun tó máa kù lẹ́nu wa ni “Bring your bag”, èyí tó jẹ́ àṣẹ pọ́ńbélé.

Mo wà lórí àtẹ̀gùn Olúmọ lọ́jọ́ kan nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan, àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá, dúró láti mí. Ó gbé báàgì tó wúwo kọ́ èjìká, ó sì fi ọwọ́ kan ti ara rẹ̀ mọ́ àpáta. Ọmọkùnrin kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ rí i, ó sáré wá bá a, ó tẹrí ba, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní: “Mummy, bring your bag.” Ìyá náà gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó sì fà sẹ́yìn. Ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì lójú ẹsẹ̀, torí ẹ̀kọ́ ilé ló ń lò, kò sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà nígbà tó dé etí ìyá náà. “Shall I carry your bag for you, ma?” ni ì bá sọ. “Bring” ti pinnu fún ìyá náà ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe. “Shall I” ń bi í bóyá ó fẹ́. Ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe aṣèrànwọ́ ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn: ó máa ń fún ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ní àyè láti kọ̀ láìsí ìtìjú, àyè yẹn sì ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ọ̀wọ̀.

Ṣé ìyàtọ̀ kankan wà láàárín “Do you want” àti “Would you like”?

Ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. “Do you want some water?” dára láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Fún àlejò, oníbàárà, àgbàlagbà tàbí ọ̀gá, “Would you like some water?” ni kí ẹ lò, ẹ kò sì ní ṣi í lò láé.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ náà dùn mọ́ mi gan-an. Láyé àtijọ́, “will” túmọ̀ sí “fẹ́” ní tààrà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, “would” sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún fífẹ́ tó ti kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni “could” ṣe jẹ́ ti “can”, “should” ti “shall”, àti “might” ti “may”. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, ó máa ń mú ọ̀rọ̀ àná sọ nǹkan ti òní, kí ọ̀rọ̀ náà lè jìnnà díẹ̀ sí ojú ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. Àwa náà kò yàtọ̀ sí wọn: a ń wo bàbá kan ṣoṣo lójú, a sì ń pè é ní “ẹ̀yin”, bí ẹni pé wọ́n pọ̀. Yorùbá ń sọ ẹnì kan di púpọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ìsinsìnyí di àná, nítorí ọ̀wọ̀ kan náà. Ẹni tó bá ti rí i báyìí kò ní máa rò mọ́ pé “would” gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ohun tó ti kọjá.

Ọ̀nà mẹ́ta la lè gbà kọ́ gbólóhùn náà. Ó lè jẹ́ orúkọ nǹkan ló máa tẹ̀ lé e: “Would you like a chair?” Ó lè jẹ́ ohun tí àlejò fúnra rẹ̀ máa ṣe: “Would you like to rest?” Ó sì lè jẹ́ ohun tí ẹ̀yin máa bá a ṣe: “Would you like me to call a taxi?” Ibi ẹ̀kẹta yìí ni àwa ti máa ń kọsẹ̀, torí pé “Ṣé ẹ fẹ́ kí n pe takisí?” ló wà lọ́kàn wa, “kí n” yẹn ló sì ń tì wá sọ pé “Would you like that I should call”. “Me to” ni kí ẹ fi rọ́pò “kí n”.

“Some” ni àbí “any”? Wọ́n kọ́ wa pé “any” ló ń bá ìbéèrè rìn.

Òótọ́ ni wọ́n kọ́ yín fún ìbéèrè tí a kò mọ ìdáhùn rẹ̀, bíi “Is there any láfún left?” Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá gbé láfún àti ewédú síwájú àlejò, tí ẹ sì fẹ́ kó jẹ ẹ́, “Would you like some láfún?” ni. “Some” fi hàn pé oúnjẹ ti wà nílẹ̀, tọkàntọkàn sì ni ẹ fi ń fi lọ̀ ọ́. “Would you like any?” lè mú kí àlejò rò pé ẹ ń retí kó kọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ bù kún un, “Would you like some more?” Bó bá jẹ́ ẹran, tó ṣeé kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, “Would you like another piece?”

Nígbà wo ni kí n sọ “Shall I”, “Should I” tàbí “Will I”?

Ọ̀nà tó rọrùn jù wà nínú Yorùbá tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Níbikíbi tí ẹ bá ti lè sọ pé “Ṣé kí n…”, ibẹ̀ ni “Shall I” wà. Ṣé kí n ṣí fèrèsé? “Shall I open the window?” Ṣé kí n bá yín gbé e? “Shall I carry it for you?” Ẹ kíyè sí “bá yín” yẹn: “for you” ló jẹ́ níbí, kì í ṣe “with you”, àyàfi bí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ fẹ́ gbé e.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lo “shall” nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. “Should I” tàbí “Do you want me to” ni ẹ ó sábà gbọ́ lẹ́nu wọn. “Should I” wọ́pọ̀ láàárín àwa náà, mi ò sì ní pè é ní àṣìṣe, àmọ́ etí lè gbà á bí ìgbà tí ènìyàn ń béèrè ìmọ̀ràn. “Will I open the window?” jẹ́ ti àwọn ará Ireland àti Scotland. Ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀, kó dúró lórí “Shall I”. Pẹ̀lú “you”, “shall” kò ṣiṣẹ́ fún nǹkan yìí rárá, ẹ má sọ pé “Shall you have some rice?”

“I will help you” ti ń fi hàn pé mo fẹ́ ṣe é. Kí ló tún kù?

Ó ku bí ẹ ṣe pè é. “I'll help you”, tí a gé kúrú, ni ohùn ẹni tó rí iṣẹ́ tó sì dìde lójú ẹsẹ̀: tẹlifóònù ń dún, ọwọ́ ẹnìkejì yín dí, ẹ ní “I'll answer it.” Bí ẹ bá pe “will” jáde kedere, tí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó máa dún bí ẹni pé wọ́n ti ń bá yín jiyàn pé ẹ kò ní ràn wọ́n lọ́wọ́. Bákan náà, ẹ má sọ pé “I am going to answer it”, torí ìyẹn jẹ́ ti ohun tí ẹ ti pinnu kó tó di pé tẹlifóònù dún.

Níbi tí mo ti ń tajà, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún òyìnbó tàbí àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá?

“What do you want?” ni kí ẹ kọ́kọ́ gbàgbé. Mo mọ ibi tó ti wá, “Kí lẹ fẹ́ rà, mà?” dára púpọ̀ lẹ́nu wa. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí inú ń bí ló sábà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. “Can I help you?” ni ti ojoojúmọ́. “May I help you?” ga díẹ̀ sí i, ó yẹ òtẹ́ẹ̀lì àti báńkì, “How may I help you?” sì yẹ orí tẹlifóònù. Ẹ rántí pé ohùn náà ṣe pàtàkì: ẹni tó bá fi ojú líle sọ “Can I help you?” fún ẹni tó ń rìn kiri nínú ọgbà, “Kí lo wá ṣe níbí?” ni ẹni náà máa gbọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo ń kọ́ ń ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìtòkú. Tẹ́lẹ̀, bí àlejò bá fọwọ́ kan aṣọ, “Buy it, it is fine” ló máa sọ, àlejò á sì fi aṣọ náà sílẹ̀. Mo lọ kí i láìpẹ́ yìí, mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀, mo sì ń wò ó. Obìnrin kan dúró, ó mú etí aṣọ kan láàárín ìka méjì. Ẹni mi kò dìde kíá. Ó ní, “Shall I open it for you?” Obìnrin náà ní, “Yes, please.” Ó tú aṣọ náà sórí apá rẹ̀, òórùn èlú jáde láti inú rẹ̀, gbogbo ibi tí ẹ̀kọ ti dí aró lọ́nà sì hàn ní funfun. Nígbà tí obìnrin náà ní ó dúdú jù lójú òun, ẹni mi ní, “Could I show you a lighter one?” Ìgbà kẹta tó tú aṣọ ni obìnrin náà ra méjì. N kò sọ pé gírámà ló ta aṣọ náà, aṣọ ọ̀hún dára. Ṣùgbọ́n gírámà ni kò jẹ́ kí obìnrin náà lọ kó tó rí bó ṣe dára tó.

Ṣé ó burú kí n sọ “You must eat” fún àlejò?

Kò burú, ó tilẹ̀ dùn, bó bá jẹ́ pé àlejò náà ló máa jàǹfààní rẹ̀. “You must try our ọ̀fadà rice” jẹ́ dandan tí ó kún fún ìfẹ́, àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí kan náà ni “Have a seat” àti “Help yourself” kò ṣe jẹ́ àfojúdi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe aṣèrànwọ́ kankan nínú wọn. “Sit down” lásán ni kò dára, ọ̀rọ̀ olùkọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ẹ tún lè gbọ́ “Won't you sit down?” lẹ́nu àwọn àgbàlagbà wọn. Lójú tiwa ó jọ ìbáwí, bíi “Ṣé ẹ ò ní jókòó ni?”, ṣùgbọ́n ọ̀yàyà ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì jókòó.

Ṣé kí n yọ “sir” àti “ma” kúrò nígbà tí mo bá ti ń lo “would”?

Rárá o. Nílẹ̀ wa níbí, “Would you like some water, ma?” ló pé. Ẹni tó bá rìnrìn àjò lè fi “ma” sílẹ̀ nílé, torí wọn kò mọ̀ ọ́n lọ́hùn-ún, “would” á sì dá ẹrù náà gbé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pè é lẹ́nu?

A kì í pe “l” tó wà nínú “would”, “could” àti “should”. “Would” àti “wood”, ìyẹn igi, kò yàtọ̀ rárá lẹ́nu. Bí wọ́n bá ń yára sọ̀rọ̀, “would you” máa ń dún bíi “wúju”, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín lórí tẹlifóònù.

Bí wọ́n bá fi nǹkan lọ èmi náà ńkọ́, báwo ni kí n ṣe dáhùn?

Níbí, bí ẹnì kan bá ní “Ẹ wá bá wa jẹun”, a máa ń sọ pé “Ẹ ṣeun, á gba ibi ire”, ẹni tó pè wá àti àwa tí a dáhùn sì mọ̀ pé a kò ní jẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá fi “Thank you” nìkan dáhùn lédè Gẹ̀ẹ́sì lè rí i pé wọ́n ti ń bu oúnjẹ bọ̀. Torí náà, ẹ jẹ́ kí “yes” tàbí “no” kọ́kọ́ jáde: “Yes, please” bí ẹ bá fẹ́, “No, thank you” bí ẹ kò bá fẹ́. “I'm fine, thank you” náà jẹ́ kíkọ̀.

Ẹ má sọ pé “Yes, I would like” kí ẹ sì dákẹ́, torí gbólóhùn náà kò tíì délé; “Yes, I'd like some” tàbí “I'd love some” ló pé. Bó bá jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n fi lọ̀ yín, “That would be very kind of you” jẹ́ ìdáhùn tó lẹ́wà, “would” náà ló sì tún wà nínú rẹ̀.

Nínú lẹ́tà iṣẹ́ tàbí lórí WhatsApp ńkọ́?

“Could” ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Ẹ wo ìyàtọ̀ láàárín “I will send the samples on Monday” àti “I could send you the samples on Monday, if that would help.” Ìkíní ti parí ọ̀rọ̀. Ìkejì fi ọjọ́ Ajé lélẹ̀ bí ohun tó ṣeé ṣe, ó sì dúró de ìdáhùn. Ẹ tún lè kọ “Would Monday suit you?” tàbí “I would be happy to come to your office.” Bí oníbàárà bá ti gbà tán, ẹ padà sí “I will”, torí ìlérí ni ó kàn, ẹni tó bá sì ń sọ “could” nígbà tó yẹ kó ṣe ìlérí máa dà bí ẹni tí kò ní wá.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo lè tún un sọ bí àlejò bá kọ̀?

Ní ilé àwọn òbí wa, ẹni tó kọ oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan kò tíì kọ̀ ọ́. A ó tún pè é, a ó tún rọ̀ ọ́, ìgbà mìíràn a ó bu díẹ̀ fún un láìbéèrè. Mo nífẹ̀ẹ́ àṣà yẹn, n kò sì sọ pé ká pa á tì láàárín ara wa. Ṣùgbọ́n àlejò tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti ilẹ̀ mìíràn sábà máa ń gbà pé “no” òun ti tó. Ẹ lè béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i: “Are you sure? Would you like just a little?” Bó bá tún ní “No, thank you”, ẹ sọ pé “All right”, kí ẹ gbé ife omi kan sí ìtòsí ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bá a sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.